Ìpè Ọ̀sán Gangan tí Tíṣà Ignatius Dáhùn

Bí ẹyọ irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí èlùbọ́ tí òjò pa. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́ kò fi ìdí kan bẹ́ǹṣì ilé-ìwé rí. Èédú ni mo fi kọ́ ara mi ní ABD lára ògiri ilé ìdáná ìyá mi, síbẹ̀ àwọn tó ka ìwé gboyè ní Òrò ṣì ń wá bi mí bí a ti ń kọ orúkọ bàbá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ wá ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ wá.

Ìtàn Tíṣà Ignatius Ọláyíwọlá ni, àti bó ṣe kù díẹ̀ kí iṣẹ́ olùkọ́ gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ọmọ Ìjàrà-Ìsin ni, ṣùgbọ́n ìjọ Àgùdà ló gbé e lọ kọ́ni ní Àpáta-Olówu, abúlé kan tó wà láàárín Ẹ̀sìẹ́ àti Agbamu. Àpáta tí wọ́n fi sọ abúlé náà lórúkọ fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin ń sá èlùbọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ já sí kòtò kan tí kò sẹ́ni tó mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti ju òkúta sínú rẹ̀ rí, mo lọ jẹun, mo padà dé, n kò tíì gbọ́ kó balẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí, ìpínlẹ̀ Kwara ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ààbọ̀ ni. Gbogbo ẹni tó mọ bí a ti ń di bírò mú ló ń sáré lọ sí Ìlọrin, nítorí ọ́fíìsì tuntun tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju akọ̀wé lọ. Tíṣà mẹ́rin ló wà ní ilé-ìwé Àpáta-Olówu tẹ́lẹ̀. Méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó wá ku Ọ̀gá Ọládayọ̀, hẹ́dímásítà, tó gba kíláàsì kìíní dé ìkẹta, àti Ignatius, tó gba ìkẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà papọ̀ nínú gbọ̀ngàn gígùn kan. Ìkẹrin jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ìkarùn-ún wà láàárín, ìkẹfà sì wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bẹ́ǹṣì ṣẹ́kù. Wọ́n to mẹ́fà sí ìdí ògiri ìwọ̀-oòrùn, kò sẹ́ni tó jókòó lórí wọn.

Iṣẹ́ kíláàsì mẹ́ta nìkan kọ́. Òun ló ń lu agogo ní kùtùkùtù. Òun ló ń ka àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi tí Fáàdà kò bá lè wá. Lẹ́tà tí àwọn ọmọ abúlé kọ láti Èkó àti Kumasi, òun ló ń kà á fún ìyá wọn, òun náà ló ń kọ èsì. Bí orogún méjì bá jà, wọ́n á ní kí Tíṣà wá gbọ́. Bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu oníṣu, Tíṣà ni yóò fi rúlà wọn ibi tó jẹ. Ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo kà á fúnra mi, ó jẹ́ igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Ẹnu rẹ̀ kò mọ "rárá." Ẹni tó bá pariwo "Tíṣà!" láti ibikíbi, kó tó pa ẹnu dé, Tíṣà á ti dáhùn pé, "Mo ń bọ̀!"

Gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Rúùtù ìyàwó rẹ̀ ìbá máa pè é ní Bàbá Mary bí ìyàwó gbogbo ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ó wù ú kí aládùúgbò máa gbọ́ pé tíṣà ni ọkọ òun. Mary ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, òun náà ń pe bàbá rẹ̀ ní Tíṣà.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa mú lọ́dún náà, ọkùnrin náà ti rù títí ṣòkòtò rẹ̀ fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ igi lóko láti lé ẹyẹ. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Oorun kì í kùn ún mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, ètè rẹ̀ á sì máa ka ìṣirò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ìpè náà kọ́kọ́ dé. Oòrùn dúró sí àtàrí, òjìji ènìyàn kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kíláàsì kẹfà ń ṣe ìṣirò, ìkarùn-ún ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ara pátákó, ìkẹrin ń kàwé wúyẹ́wúyẹ́. Tíṣà gbọ́ ọ lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Tíṣà."

Ohùn náà tutù, ó ní sùúrù, bí ohùn ọmọ tó ti nawọ́ sókè tipẹ́ tí wọn ò rí i.

"Hẹn? Mo ń bọ̀," ni Tíṣà wí. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì dání, ó rìn dé ìdí ògiri ìwọ̀-oòrùn kó tó rí i pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ó yíjú padà.

"Ta ló pè mí?"

 Suliat, ọmọ Bùkárì alápatà, ló dáhùn. Kíláàsì karùn-ún ló wà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ lọ.

"Kò sẹ́ni tó pè yín, sà."

"Mo gbọ́ ọ, Suliat. N kì í ṣe adití."

"Sà, ibi tí ẹ dorí kọ un, bẹ́ǹṣì nìkan ló wà níbẹ̀. Àbí bẹ́ǹṣì ló ní kí ẹ wá kọ́ òun ní ìṣirò?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Èruku ọyẹ́ bo gbogbo bẹ́ǹṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ìyẹ̀fun, àfi ojú kan lórí èyí tó wà níwájú. Ojú náà mọ́ roro, kò ju ibi tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi ìdí lé lọ. Tíṣà rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ewúrẹ́ ni, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ọ̀sán gangan ni ìpè ń dé, ojú tó mọ́ lórí bẹ́ǹṣì sì ń pọ̀ sí i: ó di méjì, ó di márùn-ún. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ Tíṣà. Àwọn tó wà lẹ́yìn yìí kì í jà. Wọn kì í ní àwọn fẹ́ tọ̀. Ohun tó bá kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbà á. Bó bá wà lọ́dọ̀ wọn, àyà rẹ̀ á fúyẹ́, bíi pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé orí náà kúrò pẹ̀lú.

Rúùtù kò mọ nǹkan kan títí di ọjọ́ tó gbé iṣu àti ẹ̀fọ́ yánrin lọ fún un ní ilé-ìwé. Ó ti ń súnmọ́ gbọ̀ngàn nígbà tó ṣàkíyèsí pé kò gbọ́ ariwo ọmọ. Ó yọjú láti ojú fèrèsé. Kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí itan, ojú sí iwájú, wọn ò ṣẹ́jú, bí àwọn ère òkúta inú igbó Ẹ̀sìẹ́. Ọkọ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó dúró níwájú bẹ́ǹṣì òfìfo, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Ìwọ ńkọ́?"

Ó dúró díẹ̀. Ó mi orí.

"Ó gbà á! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Àwọn ọmọ tó kọ ẹ̀yìn sí pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dá ọwọ́ padà sórí itan.

"Tíṣà!" ni Rúùtù kígbe.

"Mo ń bọ̀!" ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Kò wo fèrèsé. Bẹ́ǹṣì ló kọjú sí, ó sì sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan. Abọ́ iṣu bọ́ lọ́wọ́ Rúùtù.

Màmá Jàrátù, ìyá arúgbó tó ń ta iyọ̀ àti káún, ni aládùúgbò wọn. Share ló ti wá, mùsùlùmí òdodo ni, kò sì sí ohun tó lè dé bá ọmọ aráyé tí kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí Tíṣà dé láti ilé-ìwé, ìyá náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu Rúùtù, ó sì ti jókòó sí ìloro dè é.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń pè ọ́ ní ilé-ìwé?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, Màmá."

"Àwọn wo nínú wọn?"

"Àwọn tó wà lẹ́yìn."

"Ṣé o rí ojú wọn?"

Tíṣà rò ó títí. "N kò tíì ráyè wo ojú wọn, Màmá. Iṣẹ́ pọ̀."

"Wàláhì! Ní agbo ilé tí wọ́n ti bí mi, ọmọ tó ń rákòrò gan-an kò jẹ́ dáhùn ìpè ẹni tí kò rí. Lọ́sàn-án gangan tún ni! Àbí ìyá rẹ kò sọ fún ọ ní Ìjàrà?"

"Ó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, Màmá. Bí n bá ní kí n kọ́kọ́ wo ojú gbogbo ẹni tó ń pè mí kí n tó dáhùn, ìgbà wo ni n ó ṣiṣẹ́?"

"Ó dáa. Kí ni ìyá rẹ fi ń kì ọ́? Kí ló ń pè ọ́ tó bá fẹ́ kí orí rẹ wú?"

Tíṣà la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá a bí ènìyàn ti ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò, ó wo ilẹ̀, ó wo àjà. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́.

"Tíṣà," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ìyá rẹ bí tíṣà? Ṣé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ló bí ọ?"

Rúùtù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu nígbà tí ìyá arúgbó náà yíjú sí i.

"Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, kí lò ń pe ọkọ rẹ?"

Rúùtù dorí kodò. "Tíṣà ni, Màmá."

"Ọmọ yín ńkọ́?"

Mary tó ń fi iyanrìn ṣeré gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun. "Tíṣà!" ló kígbe, inú rẹ̀ dùn.

"Mo ń bọ̀!" ni bàbá rẹ̀ dáhùn, ó sì kọjú sí ògiri.

 Màmá Jàrátù fa Rúùtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ ti gba orúkọ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ẹni tí kò bá ní orúkọ nínú ilé, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é níta ló ni ín. Lọ wá orúkọ rẹ̀ wá, kí wọ́n tó pè é kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ lè tó."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì kọ́kọ́ lọ bá Ọ̀gá Ọládayọ̀, kó fún Tíṣà láàyè kó sinmi. Ọ̀gá kì í ṣe ìkà. Òun fúnra rẹ̀ ń wúkọ́ ṣọ́ọ̀kì, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Ìyàwó wa, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù tí kíláàsì kẹfà máa ṣèdánwò. Ẹ jẹ́ kó fara dà á. Àbí ẹ ò mọ̀ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà?"

Màmá Jàrátù fi ọwọ́ lé orí. "Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́! Òun náà ń bá wọn júwe ọ̀nà fún un!"

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Rúùtù fi Mary sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá arúgbó náà, ó wọ bọ̀lẹ̀kájà àkọ́kọ́, ó forí lé Ìjàrà-Ìsin. Ọ̀dọ̀ Ọlárónkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ló lọ. Ọlárónkẹ́ ń fọ irú lọ́wọ́ nígbà tó dé.

"Ìyàwó! Ṣé kò sí láburú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Màmá máa ń pe ọkọ mi nígbà tó wà ní kékeré?"

"Háà! O ti ṣe ìyàwó ọdún mẹ́fà, o ò mọ oríkì ọkọ rẹ? Kí lo fi ń tù ú lójú tó bá bínú, iyán?" Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú Rúùtù. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Àdìgún ni. Ìyá wa kì í sì í pè é láti ẹ̀yìn. Á di orí rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, á wo ojú rẹ̀, kó tó pè é."

Rúùtù kò dúró mu omi.

Ọ̀sán gangan ló sọ̀ kalẹ̀ lórí títì, lẹ́bàá Àpáta-Olówu. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti apá ilé-ìwé.

"Mo ń bọ̀!"

Ó dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi pe ènìyàn. Ohùn náà tún dún, níwájú díẹ̀.

"Mo ń bọ̀ o!"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹni tó ń pè é. Èsì nìkan ni abúlé ń gbọ́, ó ń rìn, ó kọjá ilé Bàálẹ̀, ó kọjá odò, ó ń gun àpáta. Nígbà tí Rúùtù fi máa rí i, ó ti wà láàárín èlùbọ́ táwọn obìnrin sá, láìwọ bàtà, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń lọ gba àmì-ẹ̀yẹ. Kòtò ló dojú kọ.

"Tíṣà! Tíṣà o! Kòtò wà níwájú!" ni àwọn obìnrin ń ké.

"Mo ń bọ̀! Mo ń bọ̀!" Bí wọ́n ṣe ń pè é tó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá tó.

"Ẹ pa ẹnu mọ́!" Màmá Jàrátù ló ń sáré bọ̀, ó gbé Mary sẹ́yìn. "Ẹ̀yin náà ń tì í!"

Gbogbo àpáta dákẹ́ lọ gbáú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, Rúùtù gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ láti inú kòtò: ohùn ọmọdé, ó tutù, ó ní sùúrù. Kì í sì í ṣe Tíṣà nìkan ló ń pè. Ó pe Rúùtù pẹ̀lú. "Hẹn" ti dé ètè rẹ̀ kó tó fi eyín gé e padà, ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

Ó sáré gba àárín èlùbọ́ kọjá, ó yí wá síwájú ọkọ rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà létí kòtò. Ó di orí rẹ̀ mú, ó wo ojú rẹ̀. Ojú náà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àdìgún."

"Mo ń…"

"Àdìgún! Wò mí."

Ó ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gun òkè bọ̀, títí ó fi bá ojú ìyàwó rẹ̀ pàdé.

"Rúùtù," ló wí, "kí ló dé tí ẹsẹ̀ rẹ fi funfun báyìí?"

Ẹkún ni ìyàwó rẹ̀ bú sí. Ó fà á kúrò létí ibẹ̀, àwọn méjèèjì sì ṣubú sórí èlùbọ́ olóhun, kò sẹ́ni tó bá wọn wí.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi sùn. Màmá Jàrátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. "Ẹni tó bá pè é," ló ń wí, "orí onítọ̀hún ni n ó gún." Ọ̀gá Ọládayọ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó rí bí ọkùnrin náà ti sùn, ẹnu là sílẹ̀, egungun àyà hàn. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Èmi náà mọ̀. Ó rẹ èmi náà, mo kàn rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n wí i." Láti ọjọ́ náà ló ti gba kíláàsì kẹrin mọ́ tirẹ̀, ó sì ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà máa gbọ́ ìwé kíkà àwọn kékeré ní àárọ̀.

Àwọn àgbà abúlé náà pàdé, wọ́n ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe olùkọ́ láti òkèèrè mọ́. Kó rìn dé iwájú rẹ̀. Bí agogo ìparí bá ti dún, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pè é ní Tíṣà títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́tà di ti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan, Suliat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń ka èyí tí kò le. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí Bàálẹ̀ fúnra rẹ̀ fi wá sọ pé kó wá wọn iṣu tí ewúrẹ́ jẹ. Ignatius wí i: "Rárá, Bàbá. Mo fẹ́ bá ọmọ mi ṣeré." Bàálẹ̀ wò ó, ó ní, "Ó dáa náà," ó sì lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn iṣu.

Nínú ọmọ mẹ́rìnlá tó ṣèdánwò, mọ́kànlá yege. Mẹ́ta kùnà, ojú ọ̀run kò sì ya. Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin náà tún fi kọ́ni lẹ́yìn ìyẹn. Kò dáhùn ìpè kankan mọ́ láìyíjú wo ẹni tó ń pe òun, kódà bó bá jẹ́ Fáàdà ni.

Ohun kan ló ṣẹ́kù tí àwọn kan kò fẹ́ kí n kọ, ṣùgbọ́n ìwé tèmi kì í fi òtítọ́ pamọ́. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Ọládayọ̀ fẹ́ ka iye ọmọ tó wá láàárín oṣù náà, ó ṣí rẹ́jísítà. Lábẹ́ orúkọ tó gbẹ̀yìn ní kíláàsì kẹfà, ó rí ìlà márùn-ún tí kò ní orúkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọ́n ti sàmì sí i pé àwọn onítọ̀hún wá. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ignatius ni, ó yé Ọ̀gá, iṣẹ́ ẹni tó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àmì náà kò dúró lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wà lójú ọjọ́ Ajé, ó wà lójú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Ignatius ń sùn nílé, tí rẹ́jísítà wà nínú àpótí tó tì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn Ọ̀gá. Ọ̀gá ya ojú ìwé náà, ó sun ún. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, kí wọ́n sun àwọn náà.

Ẹni tó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, kó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán, kó béèrè Àlàájà Suliat ọmọ Bùkárì alápatà, tó ń ta aṣọ òfì lẹ́bàá gáréèjì. Ó ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ ríran, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì kújú. Òun ló gbé bẹ́ǹṣì kẹfà jáde. Yóò sọ fún yín bí bẹ́ǹṣì òfìfo náà ṣe wúwo tó.